Ẹ̀rù wéèkì nínú wọ́tà síkì: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó há sáàárín ìgbì

Ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tá a jọ ń gbé Minnesota níbí, l'Amẹ́ríkà, àwọn tó ti lè dìde lórí síkì, pákó gígùn tí wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ láti fi yọ̀ lórí omi, tí bóòtù ń fà wọ́n lọ geerege, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé àárín ìgbì méjì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n máa ń wà títí ó fi máa rẹ̀ wọ́n, wọn ò jẹ́ yà sọ́tùn-ún, wọn ò jẹ́ yà sósì. Mo mọ ibẹ̀ yẹn dáadáa. Odindi sọ́mà kan, ìyẹn ìgbà ooru níbí, lèmi náà fi wà níbẹ̀, ẹni ọdún 41 ni mí nígbà yẹn, mo sì ti bímọ mẹ́ta.

Kí tiẹ̀ ni wéèkì?

Tí bóòtù bá ń sáré, ìdí ẹ̀ ló ń ti omi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, omi yẹn á wú, á di ebè gígùn méjì tó ń ya kúrò lára wọn bí wọ́n ṣe ń jìnnà sọ́kọ̀. Ẹni tó bá ti dé oko iṣu rí á mọ bó ṣe rí. Àárín ebè méjèèjì ni ẹni tó ń kọ́ síkì máa ń wà, omi ibẹ̀ ń hó funfun torí pùròpélà ti po atẹ́gùn mọ́ ọn. Ìta ebè ni omi ti ń dán bíi dígí, tí síkì ń lọ wẹ́rẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn eré yìí wà, torí náà ẹni tí ò bá tíì ré ebè kọjá, kò tíì jẹun, òórùn ọbẹ̀ ló ṣì ń gbọ́.

Lẹ́yìn bóòtù tí wọ́n dìídì ṣe fún síkì, tó bá ń sáré dáadáa, ebè yìí kì í sábà ga dé orúnkún. Ojú wa ló ń sọ ọ́ di òkè Olúmọ, torí orí ẹ̀ là ń wò, ó sì ń pariwo, ó ń gbọn síkì lábẹ́ ẹsẹ̀.

Àǹtí, ṣé èmi nìkan lẹ̀rù ń bà ni?

Rárá o, àbúrò mi. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi wà nígboro lọ́jọ́ tí Ògùnpa ya, ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980, omi tó gbé mọ́tò, tó gbé ilé, tó gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lọ. Látìgbà yẹn, tójò bá ti ṣú nílé wa, màámi á kọ́kọ́ pe orúkọ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á dáhùn, kó tó di pé wọ́n kó aṣọ tí wọ́n sá wọlé. Ẹ̀rù omi tó wà lára mi, mo jogún ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n sọ fún láti kékeré pé odò ò ṣeé bá ṣeré, ẹ̀kọ́ yẹn ò sì burú, ó ti dá ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ sí. Torí náà ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ máa kígbe mọ́ yín, tàbí kó máa ní kí ni ẹ tiẹ̀ ń bẹ̀rù.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo jókòó, mo tú ẹ̀rù yẹn palẹ̀, mo rí i pé mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù omi fúnra ẹ̀, pé n ó rì. Ìkejì ni ẹ̀rù ìṣubú, pé ó máa dùn mí. Ìkẹta, tí mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ni pé tí mo bá ṣubú síta wéèkì lọ́hùn-ún wọn ò ní tètè rí mi. Oògùn kálukú wọn yàtọ̀. Ẹ̀rù omi, lúwẹ̀ẹ́ àti láífù jákẹ́ẹ̀tì ló ń wò ó. Ẹ̀rù àìrí-mi, ẹni tó ń ṣọ́ni nínú ọkọ̀ ló ń wò ó. Ẹ̀rù ìṣubú, ìṣubú gan-an ló ń wò ó, mo máa ṣàlàyé ìyẹn nísàlẹ̀.

Mi ò mọ lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Ṣé kí n dúró ná?

Tó bá jẹ́ èmi lẹ bi, ẹ kọ́kọ́ lọ kọ́ ọ. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n bí ẹja, kẹ́ ẹ ṣáà lè léfòó, kẹ́ ẹ lè yí padà dojú sókè, kẹ́ ẹ sì lè wẹ̀ bíi ìwọ̀n yàrá méjì láìsí jìnnìjìnnì. Síbẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n tó, láífù jákẹ́ẹ̀tì ò ṣeé fi sílẹ̀, èyí tó bá ara mu tímọ́tímọ́, tí Coast Guard, àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò lójú omi, fọwọ́ sí. Èyí tó jẹ́ pé ó dìgbà tí wọ́n bá fa okùn kékeré lára ẹ̀ kí atẹ́gùn tó wọ inú ẹ̀, ìyẹn ò wà fún síkì rárá.

Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn, kẹ́ ẹ wọnú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, kẹ́ ẹ kàn dùbúlẹ̀ sínú omi fún bí ìṣẹ́jú 10 láìṣe nǹkan kan. Ara á rí i fúnra ẹ̀ pé òun ò rì. Orí lè ti mọ̀ tipẹ́ àmọ́ ara ò tíì gbà, ara lẹ sì ń gbé kọjá lórí wéèkì.

Kí ló ń gbé èèyàn ṣubú lórí wéèkì gan-an?

Ìyèméjì ni. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn pásítọ̀, ṣùgbọ́n ohun tójú rí ni mò ń sọ. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ yà sápá ọ̀tún, ẹ ń sún mọ́ ebè, ẹ̀rù ń bà yín, ẹ wá ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ́ rìn, síkì yín ò wá dojú kọ ebè mọ́, ó ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ra. Síkì kan gun orí, èkejì ṣì wà ní kòtò. Ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ yín le gbagidi. Ẹ fa okùn mọ́ àyà. Ìdí yọ sẹ́yìn, àyà sì tẹ̀ síwájú. Síkì tó yẹ kó fi etí jẹ omi wá tẹ́ pẹrẹsẹ lókè ebè yẹn, omi ta á sókè, okùn fa èjìká yín síwájú, ó parí. Ẹ̀yin á wá máa sọ pé wéèkì ló gbé yín ṣubú.

Ẹ rántí ọlọ́kadà tó ń gun bọ́ǹpù. Ẹni tó bá jókòó pa sórí àga tó mú ara le, bọ́ǹpù yẹn á jù ú. Ẹni tó gbé ìdí díẹ̀, tó jẹ́ kí orúnkún òun rọ̀, tó dojú kọ bọ́ǹpù tààràtà, tí kò sì pa ìjánu lójijì nígbà tó ti gun orí ẹ̀, á kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Gbogbo ìyàtọ̀ ẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹ̀rù máa ń sọ fún wa pé ká rọra, ká lọ jẹ́jẹ́, ká wò ó dáadáa ká tó ṣe é, ìmọ̀ràn yẹn sì dáa níbi púpọ̀ láyé, àmọ́ lórí góńgó ebè yìí òun ló ń pa wá lára. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun ún, ẹ parí ẹ̀.

Ó dáa, báwo ni mo ṣe máa ré e kọjá fún ìgbà àkọ́kọ́?

Orí ilẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ so okùn síkì mọ́ igi tó lágbára, ẹ di háńdù, ìyẹn ibi ìdìmú tó wà lẹ́nu okùn náà, mú, ẹ fara tì sẹ́yìn. Orúnkún rọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rọ̀, apá nà tọ́ọ́rọ́, háńdù wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ìbàdí, ìbàdí yín ló ń lọ bá háńdù kì í ṣe háńdù ló ń wá bá àyà, èjìká sẹ́yìn díẹ̀, ojú ń wo ọ̀ọ́kán. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ títí á fi mọ́ yín lára, kẹ́ni kan máa mi okùn yẹn lójijì kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe ń rí. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣe lábẹ́ igi yìí lẹ máa ṣe lórí omi, kò sí ìdúró míì.

Tẹ́ ẹ bá dórí omi, ẹ má tíì ronú àtirékọjá rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àárín ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti máa lọ sọ́tùn-ún, ẹ padà sósì, kẹ́ ẹ fi síkì kan ẹsẹ̀ ebè, ẹ padà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gun ún dé ìdajì, ẹ jẹ́ kó da yín padà sáàárín. Èmi ṣe èyí bí ìgbà 20 lọ́jọ́ kan, tó fi jẹ́ pé nígbà tó yá, ariwo ẹ̀ ò já mi láyà mọ́, ó ti dà bí ariwo ẹ̀rọ ata ládùúgbò.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wàyí, ẹ yan ẹ̀gbẹ́ kan tó rọ̀ yín lọ́rùn jù. Ká ní ọ̀tún ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ dúró sápá òsì láàárín yẹn, kẹ́ ẹ lè ráyè sá eré díẹ̀ wá bá a. Ẹ mú igi kan tàbí ilé kan létí omi lápá ọ̀tún, ibẹ̀ lojú yín máa wà títí ẹ ó fi kọjá, ẹ má wo ebè, ẹ má wo ọkọ̀. Ẹ yí síkì méjèèjì pa pọ̀, kẹ́ ẹ fara tì kúrò lọ́dọ̀ ọkọ̀, kí etí síkì tó jìnnà sọ́kọ̀ wọnú omi. Ẹ máa lọ. Tí ebè bá ti wú sábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí orúnkún ká sókè wá bá yín, ẹ má fẹsẹ̀ tì í, tó bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì kí ẹsẹ̀ nà tẹ̀lé e. Ara tẹ́ ẹ fi tì yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ dẹ̀ ẹ́ lókè. Ibi tí gbogbo wa ti ń ṣàṣìṣe nìyẹn, a máa ń tì í dáadáa bọ̀, tá a bá wá rí góńgó ẹ̀ a máa ń dìde nàró. Ó dìgbà tí síkì bá wà lórí omi tó tẹ́jú níta kẹ́ ẹ tó dẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnì kankan kó tó di pé mo fúnra mi rí i: ẹ̀rù máa ń jẹ́ ká sé èémí. Tẹ́ ẹ bá sé èémí, èjìká á le, apá á ká, háńdù á gòkè. Torí náà ẹ máa ka nǹkan jáde lẹ́nu, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kí "ẹ̀ta" yẹn bọ́ sórí góńgó ẹ̀ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ pariwo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́, ẹ́ńjìnnì ń dún.

Mo ti lè jáde síta, wíwọlé padà ni mi ò lè ṣe. Mo kàn máa ń ju okùn sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ó wọ́pọ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti wà níta, okùn fúnra ẹ̀ ń fẹ́ fà yín padà sẹ́yìn ọkọ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ fara tì díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè dúró síta. Tẹ́ ẹ bá wá yà wọlé, eré á pọ̀ lójijì, ẹ̀rù á sọ pé kẹ́ ẹ dín in kù, ẹ ó wá tẹ́ síkì pẹrẹsẹ bó ṣe kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dé ebè. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó kàn máa gbé yín wálé bí ewé tó ń léfòó, torí bẹ́ẹ̀ ni síkì ṣe máa bá ebè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ra tí ọ̀kan á fi há. Ẹ dojú kọ ọ́ díẹ̀, síkì méjèèjì pọ̀, ẹ fara tì, ẹ wọlé, kẹ́ ẹ dúró láàárín kẹ́ ẹ sinmi. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìyẹn dáadáa bí ìgbà márùn-ún, ẹ ó rí i pé ríré méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà ò tiẹ̀ le tó dídúró sáàárín, torí ara kan náà lẹ fi tì látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Tókùn bá wá dẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọjá ńkọ́?

Okùn dẹ̀ torí pé ẹ sáré ju ọkọ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má dìde nàró. Ẹ tẹ orúnkún sí i, kẹ́ ẹ fa háńdù wá sápá ìbàdí díẹ̀, tí okùn bá ti ń padà le, ẹ jẹ́ kí apá nà tẹ̀lé e jẹ́jẹ́ kó má já yín gbà. Tó bá dẹ̀ jù, ẹ jù ú sílẹ̀.

Eré mélòó ló yẹ kí ọkọ̀ máa sá? Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra.

Mo gbọ́ yín, èmi náà bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, ara mi ni mo sì ṣe. Bóòtù tó ń lọ jẹ́jẹ́, ìdí ẹ̀ máa ń rì sínú omi, ebè tó ń fà sílẹ̀ á ga, á sì dúró ṣánṣán. Tó bá sáré tó, á gun orí omi, ebè á lọ sílẹ̀. Àgbàlagbà tó wà lórí síkì méjì, máìlì 20 sí 25 ní wákàtí kan ló sábà ń bá a mu, ọmọdé kéré sí bẹ́ẹ̀. Tí wéèkì bá ga jù fún yín ní 20, ẹ ní kí wọ́n fi méjì kún un dípò kí wọ́n yọ méjì.

Ẹ wo ẹrù inú ọkọ̀ náà. Èèyàn mẹ́jọ tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ń wú ebè sókè. Tó bá jẹ́ bóòtù tí wọ́n ń lò fún wéèkìbọ́ọ̀dù ni, ó ní táǹkì tí wọ́n ń rọ omi sí kí ìgbì lè ga, ẹ ní kí wọ́n da gbogbo omi yẹn nù. Okùn tó wọ́pọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 75, bíi mítà 23. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń gé e kúrú lẹ ń sún mọ́ ibi tí ebè méjèèjì ti sún mọ́ra, bóòtù kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tí wéèkì ẹ̀ ti ń rọ̀ jù, ẹ bi ẹni tó ni ín.

Kí ni kí n bá dẹ́rẹ́bà sọ kí n tó wọnú omi?

Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ ré wéèkì kọjá lónìí, pé ẹ̀rù ń bà yín, pé kó wa ọkọ̀ lọ tààrà kó má yí eré ẹ̀ padà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà ẹ má gbìyànjú ẹ̀ rárá, torí ẹni tó wà ní ìta kọ́nà, eré ẹ̀ á pọ̀ gan-an, ẹni tó wà ní inú kọ́nà, okùn á dẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jọ fẹnu kò lórí àmì ọwọ́. Àtàǹpàkò sókè túmọ̀ sí pé kó fi kún eré, àtàǹpàkò sísàlẹ̀ pé kó dín in kù, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi gba iwájú ọrùn kọjá pé kó dúró, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi gbá orí pé ẹ fẹ́ padà sílé. Ẹ ṣọ́ra fún àtàǹpàkò yẹn o, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń nà án sókè láti fi sọ pé "ó dáa", ni ọkọ̀ á bá tún sáré sí i. Tó bá dáa, ẹ fi ìka ṣe òrùka.

Dẹ́rẹ́bà nìkan ò tó nínú ọkọ̀. Ẹni tó ń wo iwájú ò lè máa wo ẹ̀yìn. Ní California òfin ní kí ẹlòmíì tó ti pé ọmọ ọdún 12 ó kéré tán wà níbẹ̀ tó ń wo ẹni tó wà lórí síkì, kó sì na àsíá pupa tàbí olómi ọsàn sókè tẹ́ni náà bá ti ṣubú. Ní Minnesota wọ́n gbà kẹ́ ẹ lo dígí ńlá tó ń wẹ̀yìn dípò èèyàn, àmọ́ èmi ò gbà á, èèyàn ni mo fẹ́.

Báwo lèèyàn ṣe ń ṣubú kó má ṣèṣe?

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an rèé. Bàbá àgbàlagbà òyìnbó kan ládùúgbò wa ló kọ́ mi. Lẹ́yìn tó ti rí i pé mò ń há sáàárín lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ní lọ́jọ́ kan pé a ò ní ṣe síkì lónìí, ìṣubú la máa ṣe. Ó fà mí jẹ́jẹ́, ó ní kí n ju háńdù sílẹ̀. Mo jù ú sílẹ̀, mo rì díẹ̀díẹ̀ sínú omi bí ẹni jókòó sórí tìmùtìmù. Ó tún fà mí, ó fi eré kún un. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ní ìgbà mẹ́sàn-án lọ́jọ́ náà, nígbà tó sì di ìgbà keje mi ò dijú mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ré wéèkì kọjá. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ mi ti já fáfá sí i, mo kàn ti mọ ibi tí mò ń lọ tí kò bá ṣeé ṣe ni.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ ju háńdù sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, ẹ jù ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìṣubú tó máa ń dunni, ẹni náà dì í mú nígbà tó ti yẹ kó jù ú sílẹ̀ ni. Ẹ má ki apá bọ inú háńdù láéláé, ẹ má sì yí okùn mọ́ ọwọ́. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣubú sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ká ara jọ. Tẹ́ ẹ bá ti yọ sókè, ẹ gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe yín, kẹ́ ẹ na síkì kan sókè kí ọkọ̀ míì lè rí yín. Ẹ má sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ àfi tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì.

Mo ṣubú burúkú lọ́dún tó kọjá, látìgbà yẹn ara mi máa ń gbọ̀n tí mo bá ti rí okùn.

Ẹ pẹ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ pé orí gbá nǹkan, tàbí etí ń dùn yín, tàbí òòyì ń kọ́ yín látìgbà náà, dókítà lẹ máa kọ́kọ́ rí, torí ìṣubú ẹ̀gbẹ́ lè lu awọ etí. Tí ara bá ti dá, ẹ má gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ padà sí lílefòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, ẹ padà sí ìṣubú jẹ́jẹ́, ẹ padà sí kíkan ẹsẹ̀ ebè. Ó lè gba ọjọ́ méjì, ó lè gba sọ́mà kan. Ẹ sì jẹ́ kí iye ẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ọkọ̀ fà yín ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́ ti tó, torí itan tó ti rẹ̀ ò lè ká, ẹ̀rù àti àárẹ̀ sì jọra gan-an lára, èèyàn lè máa pe ọ̀kan ní èkejì. Èmi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí mò ń kọ́ ṣe "ẹ̀ẹ̀kan péré sí i".

Ṣé ó le jù lórí síkì kan?

Lọ́nà kan, ó tiẹ̀ rọrùn, torí kò sí síkì kejì tó máa yà lọ síbòmíì. Ẹ wo àwọn tó ń díje: bọ́ọ̀lù mẹ́fà tó ń léfòó lórí omi ni wọ́n máa ń yí po, tọ̀tún tòsì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan lọ sí ìkejì ni wọ́n ń ré wéèkì méjèèjì kọjá, mítà 259 ni gbogbo ẹ̀, ọkọ̀ àwọn ọkùnrin ń sá dé kìlómítà 58 ní wákàtí kan, ti obìnrin 55, ó ń parí láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá 16 sí 17. Tẹ́ ẹ bá wò wọ́n dáadáa, orí wọn kì í gbọ̀n lórí wéèkì. Orúnkún ló ń ṣiṣẹ́.

Ta ló tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré yìí?

Ọmọ Minnesota níbí ni, Ralph Samuelson, ní Lake City, létí adágún Pepin, ibi tí odò Mississippi ti fẹ̀ láàárín Minnesota àti Wisconsin. Ọdún 1922 ni. Ó kọ́kọ́ fi pákó àgbá gbìyànjú, kò ṣiṣẹ́, ó fi síkì yìnyín, kò ṣiṣẹ́, ó wá ra pákó gígùn, ó fi omi gbígbóná rọ orí ẹ̀ kó lè tẹ̀ sókè. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Ben ló ń wa ọkọ̀. Ó ṣubú, ó ṣubú, títí ó fi di July 2 tó wá gbìyànjú pé kóun fara tì sẹ́yìn kóun sì gbé orí síkì sókè, ló bá dìde. Ọjọ́ kejì ló pé ọmọ ọdún 19. Mo ti lọ dúró létí omi yẹn, mo sì ronú pé kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọmọ yẹn bó ṣe máa rí, torí kò sẹ́ni tó tíì ṣe é níbẹ̀ rí.

Ṣé wọ́n ń ṣe é l'Ékòó?

Àwọn tó ní bóòtù ń ṣe é, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi wà ní Ìkòyí. Àmọ́ ọ̀sà ò dà bí adágún: ọkọ̀ èrò ń kọjá, ìgbì tiwọn náà ń dà wọlé, ọ̀rá àti pàǹtírí wà lójú omi, ewé tó ń léfòó tí wọ́n ń pè ní water hyacinth sì ti ń yọ wá lẹ́nu látọdún 1984 tó gba ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀ wọlé. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù, níbi tẹ́ ẹ bá ti wò tán pé kò sí igi lábẹ́ ẹ̀.

Kí ni kí n wọ̀?

Ẹ̀yin obìnrin, mo bẹ̀ yín, ẹ wọ ṣòkòtò wẹ́tì súùtù, aṣọ rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ má wọ pátá ìwẹ̀ nìkan. Tẹ́ ẹ bá fìdí balẹ̀ lórí omi nínú eré, omi lè fi agbára wọ ojú ara, ó sì lè ṣe èèyàn léṣe gidi, ó lè ṣẹlẹ̀ sọ́kùnrin náà láti ìdí. Wọn kì í sọ ọ́ fúnni torí ojú ń tì wọ́n. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ yẹtí. Irun dídì, ẹ ká a mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ dé fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ lé e. Ní May àti ìbẹ̀rẹ̀ June omi Minnesota ṣì tutù wọ eegun, ẹ wọ wẹ́tì súùtù tó délẹ̀, torí ara tó bá ń gbọ̀n fún òtútù ò lè rọ̀ lórí wéèkì.

Àǹtí, mo ré e kọjá lánàá! Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ẹ kú oríire o! Tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni, ìgbà mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó dán ẹ̀gbẹ́ kejì wò. Tẹ́ ẹ bá ti wà níta, ẹ má tètè wọlé, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ́ bí omi tó dán ṣe ń rí lábẹ́ síkì.

Lọ́jọ́ tèmi, mo pe màámi ní Ìbàdàn nírọ̀lẹ́. Mo ṣàlàyé ọkọ̀, okùn, ebè omi, wọ́n ń gbọ́ mi. Wọ́n ní ṣé wọ́n so mí mọ́ ọkọ̀ náà ni. Mo ní rárá, ọwọ́ ni mo fi ń dì í mú, mo lè jù ú sílẹ̀ nígbà tó bá wù mí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ta ló wà nínú ọkọ̀ tó ń wò ọ́?" Mo dárúkọ ọmọ mi àgbà. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún un.